Bí Mo Ṣe Lóṣòó fún Ìbídùn ní Múṣín

Ìyá Ìbídùn ló jí mi, kì í ṣe àkùkọ. Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù nígbà tó ń kan fèrèsé yàrá mi ní Iléṣà, tó ń pè, "Àǹtí, ṣé ẹ ti jí? Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò já yín sílẹ̀ o." Mo ní mo ti jí tipẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ó gbé àádùn tó fi ewé wé lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fún un. Tí ẹ ò bá wá rí i..." Mo ní, "N óò rí i. Má tíì sunkún, o ò tíì mọ ohun tó o fẹ́ sunkún lé lórí." Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé ìgbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí ni ẹnu mi máa ń mú jù.

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ṣáà mọ̀ pé aṣọ ilé ìwé ni mò ń tà. Láti Múṣín ní Èkó ni aṣọ náà ti ń wá. Màdáámù kan tí wọ́n ń pè ní Màdáámù Títí ló ń rán an, dẹ́rẹ́bà ló sì ń bá mi kó o wálé. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo mú Ìbídùn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ọdún mẹ́ta la kọ sínú ìwé àdéhùn, mo sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Ọdún kẹta pé, ọmọ ò dé. Màdáámù ránṣẹ́ pé ó ti parí, pé ó ti bá ọkùnrin kan lọ, òun ò sì mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Kérésìmesì méjì kọjá. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni, ọmọ òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí lèmi àgbàlagbà sọ? Mo ní, "Ọmọ ayé òde òní ni." Mo gba ẹni tó ń rán ọjà fún mi gbọ́, n ò gba ìyá ọmọ gbọ́. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lójú mi dòní.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò yìí ni ẹrù tuntun dé. Ọdún tí ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, gbogbo èèyàn ló ń wá aṣọ ilé ìwé, mo sì ń tú àpò náà pẹ̀lú ayọ̀. Ni ojú mi bá bọ́ sí ihò bọ́tìnnì kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ìbídùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń na ọwọ́ yẹn, èmi náà nà án nígbà tí mo kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́, títí ó fi sú mi. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rán ihò bọ́tìnnì, apá kan ni òwú rẹ̀ máa ń dà sí. Ti Ìbídùn máa ń dà sí òdìkejì, kókó kékeré kan á sì jókòó sí òkè rẹ̀. Mo wo ẹ̀wù mẹ́wàá. Mo wo ogún. Gbogbo wọn ló dà sí òdìkejì, kókó sì wà níbẹ̀. Mo jókòó lé àpò náà lórí. Ọmọ tí wọ́n ní ó ti bá ọkùnrin lọ láti ọdún méjì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rèé tí òwú rẹ̀ ṣì ń rùn tuntun, mo sì ti ń tà á jẹun. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Mo fi ìwé àdéhùn sínú báàgì mi, mo lọ wọ mọ́tò Pijó lọ́dọ̀ Bàbá Rísì dẹ́rẹ́bà. Náírà mẹ́ta ààbọ̀ ló gbà dé Èkó, ó sì kó èèyàn méje sínú mọ́tò, ká má tíì ka ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn. Ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé orí wa ń kan òrùlé. Ní Ìbàdàn, búrẹ́dì tó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé ti di ogún. Ní Ṣàgámù, ọsàn mẹ́fà ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ọsàn náà dùn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Bàbá Rísì bi mí pé kí ni mò ń wá lọ sí Èkó nígbà tí àsìkò ọjà dé báyìí. Mo sọ fún un. Ó ń wa mọ́tò lọ títí a fi kọjá Ìkòròdú.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mò ń bá yín kó àpò yẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń gbé e fún mi. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní àgádágodo lára. Mo rò pé nítorí olè ni."

Mo bi í pé, "Ṣé ìta ni àgádágodo yẹn wà, àbí inú?"

Ó ronú. "Ìta ni," ó ní. "Háà! Ìta mà ni."

A dé Jíbówú ní Yábàá ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Mo wọ takisí lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Súrùlérè, àádọ́ta kọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo ti bá awakọ̀ náà dúnàádúrà láti orí náírà kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń fi ṣíbí jẹ ohun gbogbo. Omi ẹ̀rọ ń sáré nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ní Múṣín wọ́n máa ń ra omi ni, korobá kan kọ́bọ̀ méjì. Mo ní ká dúpẹ́ fún omi odò wa. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ń gbé òdìkejì ilé rẹ̀ kọjá lára mi nígbà mẹ́ta, wọn ò kí mi. Nílé wa, kí o tó kí èèyàn mẹ́wàá láàárọ̀, oòrùn á ti mú ọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Dúpẹ́, àbúrò mi, Èkó nìyí o. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Màdáámù yẹn lè ní èèyàn ńlá lẹ́yìn. Kọ lẹ́tà sí i."

"Lẹ́tà wo, Ẹ̀gbọ́n? Ọdún méjì ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí i pé kó fi ọjà ránṣẹ́, ó ń fi ránṣẹ́ ni. Ìbídùn ló wá kọ ìdáhùn sára ihò bọ́tìnnì."

Ó rẹ́rìn-ín tipátipá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ra ẹ̀wà àgànyìn fún mi kí n tó jáde. Ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ ni, wọ́n á da ata dúdú olóròóró lé e, àwọn obìnrin ìhà Kútọnu ló ń kiri rẹ̀. Pẹ̀lú búrẹ́dì, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jẹ ẹ́ yó bámúbámú. Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá tún jẹ sí i.

Ilé Màdáámù Títí wà ní ìhà Ìdí-Orò. Ilé tí yàrá ń kojú yàrá ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fesimi-n-fesiyú ní Èkó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú, dígí àti kọ́tìnnì, ó dára lójú. Ó rí mi, ó fò mọ́ mi. "Àǹtí Aláṣọ! Ẹ kú ìrìn o! Ẹ jókòó, kí ni kí n fi ṣe yín lálejò?" Ó ní kí wọ́n ra Fáńtà wá. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni obìnrin náà, èyí gan-an ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà á gbọ́.

Mo mu Fáńtà rẹ̀, òùngbẹ ṣáà ń gbẹ mí. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ìbídùn ni mo wá mú."

"Àǹtí! Ṣebí mo ti ránṣẹ́ sí yín? Ó ti lọ tipẹ́."

Mo mú ẹ̀wù kan jáde nínú báàgì, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ta ló rán ihò bọ́tìnnì yìí?"

Ó wò ó. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ó tún padà. "Ọmọ tuntun kan ni. Òun náà ń lo ọwọ́ òsì."

"Ẹ pè é kí n rí i."

"Mo rán an lọ ra nǹkan."

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ò ní ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe títí tó fi kú. Òṣómàáló ni. Ó ń gbé aṣọ káàkiri ìgbèríko, á tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni náà, kò ní jókòó, kò ní jẹun, kò ní jà, títí ẹni náà á fi rí i pé ó sàn kóun san án ju kí gbogbo àdúgbò máa wò ó lọ. Láti kékeré ló ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: gìgísẹ̀ á balẹ̀, ìró á dì pinpin, ojú á máa wo ẹnu ọ̀nà. Mo di ìró mi. Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà níbi tí oníbàárà ò ti lè kọjá láì rí mi, mo lóṣòó.

Màdáámù bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Òṣó ni mo máa ló títí ẹ ó fi mú Ìbídùn wá."

Ní wákàtí àkọ́kọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Ní wákàtí kejì ó dẹ́kun ẹ̀rín. Àwọn ará Múṣín, tí n ò rí i kí wọ́n kí ara wọn láàárọ̀, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pé jọ! Ẹnì kan ní mo ya wèrè. Ẹlòmíràn, obìnrin àgbà kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ní, "Wèrè kọ́, Ìjẹ̀ṣà ni." Ó gbé omi fún mi. Mo mu ún láì dìde. Orúnkún mi ń sọ̀rọ̀ sí mi, mo ní kó pa ẹnu mọ́.

Ó tó nǹkan bí aago kan ọ̀sán nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ táì dé, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Alábòójútó ọjà ni nílé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, ó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, ó wá fún Màdáámù ní iṣẹ́ aṣọ òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ó fẹ́ kọjá lára mi. Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìró mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè ilé wa kí mi. Ọmọ Ìbòkun ni!

"Ìyá mi," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "èló ni wọ́n jẹ yín?"

"Kì í ṣe owó," mo ní. "Èèyàn ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ìwé àdéhùn hàn án, mo fi bọ́tìnnì hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yíjú sí Màdáámù tó ti dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ wa."

"Ẹ̀yìn dọ̀tí lónìí, Ọ̀gá. Ẹ fún mi níwèé yẹn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀..."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ká ìwé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náà, ó fi sínú àpò rẹ̀. "Bí mo bá gbé aṣọ yìí lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wa, tí wọ́n wá gbọ́ pé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ló rán an, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?" Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀ ní orúnkún kó má baà ya. Táì àti gbogbo rẹ̀, ó lóṣòó tì mí.

Àwọn èèyàn hó yéè! Obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kú. Oníbàárà méjì mìíràn dé, wọ́n bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n gbọ́, wọ́n yí padà. Bí ẹnì kejì wọn ṣe lọ ni Màdáámù tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró rẹ̀.

Bàbá Rísì ò purọ́, ìta ni àgádágodo wà. Nínú yàrá náà, maṣíìnì mẹ́fà, fèrèsé kékeré kan, obìnrin mẹ́rin. Ìbídùn ló jókòó sínú jù lọ. Ó ti di obìnrin, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi mú abẹ́rẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí ò dá mi mọ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí mi?" Mo dì mọ́ ọn. Mo sunkún, kí n má purọ́. Mo gbé àádùn lé e lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ó yá," mo ní, "kó ẹrù rẹ, à ń lọ."

Ó mi orí. "N ò lè lọ, Àǹtí. N ò tíì gba fírídọ̀mù."

Ẹ ò rí i bí? Gbogbo bí mo ṣe gbọ́n, mo rò pé ilẹ̀kùn ni ohun tó tì wọ́n mọ́lé. Fírídọ̀mù ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìdáǹdè ọmọ iṣẹ́ ní Èkó: ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé ọ lórí, á gbàdúrà fún ọ, á fi irinṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá lọ láì gbà á, wọ́n gbà gbọ́ pé iṣẹ́ náà ò ní gbè é láéláé, ọwọ́ rẹ̀ ò ní rán nǹkan kan kó dára. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti parí ọdún wọn. Màdáámù kàn kọ̀ láti gbàdúrà ni. Lọ́dọọdún á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Àgádágodo náà wà fún ẹlòmíràn tó lè ronú yàtọ̀, ṣùgbọ́n àdúrà tí Màdáámù kọ̀ láti gbà ló mú wọn jókòó.

Màdáámù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ẹ mú un lọ ná, ṣebí mo ti ṣílẹ̀kùn? Ẹ mú gbogbo wọn lọ. Ẹ wò ó bóyá wọ́n á ríṣẹ́ jẹ."

Mo yí padà. Mo padà sí ẹnu ọ̀nà. Mo lóṣòó lẹ́ẹ̀kejì. Orúnkún mi dún "kọ́", gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí mí kanlẹ̀, ó tún fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ sílẹ̀. Obìnrin Ìjẹ̀bú ní òun ò tíì lóṣòó rí láyé òun ṣùgbọ́n òun á gbìyànjú. Ó gbìyànjú, ó ṣubú, a gbé e dìde, ó tún lóṣòó. Mo rí Màdáámù tó ń wò wá, tó ń wo òpópónà, tó ń wo àpò tí ìwé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta wà. Kò pẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ dìde," ó ní. "Mo bẹ̀ yín, ẹ dìde."

"Àdúrà ni mo fẹ́ gbọ́," mo ní. "Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ lójú gbogbo ayé."

Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ní ojú oòrùn aago mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúnlẹ̀. Màdáámù gbé ọwọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ́ síta: "Iṣẹ́ tó o kọ́ lọ́wọ́ mi á gbè ọ́. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Mo dá ọ sílẹ̀." "Àmín!" ni gbogbo àdúgbò ń ké. Ẹnì kan sáré mú páúdà wá, wọ́n dà á lé wọn lórí títí wọ́n fi funfun. Sísọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ olúkúlùkù. Wọ́n kọrin, wọ́n jó ní òpópónà. Mo fẹ́ bá wọn jó, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo jókòó sílẹ̀ pátápátá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, mo ń fi orí jó.

Kí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí tó lọ, ó sọ fún Màdáámù pé ìwé àdéhùn gbogbo ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níwájú, kí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n á parí hàn, kí àgádágodo sì kúrò. Ó ní òun á máa wá wò ó. Èmi ní tèmi ò rajà lọ́wọ́ Màdáámù mọ́ títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí kọ̀wé sí mi pé òun ti rí i pé ó ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní aṣọ mi wọ́n lọ́dún yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ́n. Ẹ wá bi mí ìdí rẹ̀, mo ní àyè láti sọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí èmi àti Ìbídùn ní Súrùlérè, ó ní, "O ṣe é!" Kò tíì sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Rísì kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ Ìbídùn lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun jẹ ẹ́ ní gbèsè àpò aṣọ ọdún méjì. Láti Ṣàgámù ni àwọn èrò ọkọ̀ ti mọ ìtàn náà, nígbà tá a fi máa dé Ifẹ̀ wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ò sí níbẹ̀.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ò pọ̀. Ẹ̀wù lójú ọjà kì í sọ ẹni tó rán an, a sì máa ń fẹ́ràn kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ó dẹ̀ wá lọ́rùn. Èmi ti ń bèèrè báyìí. Ẹni tó bá gbé ọjà wá fún mi á sọ ta ló rán an, níbo, àti ìgbà wo ni wọ́n máa dá a sílẹ̀.

A dé Iléṣà kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá Ìbídùn ti wà ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀. Kò sáré. Ó dúró gbagidi, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé bóun bá mira, ọmọ náà á pòórá. Ìbídùn sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tú aṣọ tó fi wé sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì nà án sí ìyá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi nà án. Kò ronú ni, ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni. Mo rí i, gbogbo ibùdókọ̀ rí i, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà nílẹ̀ wa, ká tó wá sọ pé ìyá tó bíni.

Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ náà. Òun gan-an ló na ọwọ́ òsì yẹn lẹ́gba jù nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.